Mọ́tò Stoyna àti Iyọ̀ Gancho

Bí wọ́n bá ní kí a wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ní àdúgbò orí òkè ní ìlú Smolyan, a kò ní rìn jìnnà kí a tó kan ilẹ̀kùn Stoyna. Obìnrin náà ga, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí ọwọ́ agbẹ́gilódò. Kì í kí ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Bí o kò bá dá a lóhùn nígbà àkọ́kọ́, ó parí nìyẹn.

Ibùdó bọ́ọ̀sì ìlú ni ó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge títí tó fi fẹ̀yìn tì. Abẹ́ bọ́ọ̀sì ni ó ń fọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa nu gíláàsì, wọn a máa gbá ilẹ̀ inú ọkọ̀. Òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tí omi ẹlẹ́gbin ti ń ro síni lọ́rùn. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Nígbà òtútù, wọn a máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà a pò mọ́ omi, a ta sábẹ́ ọkọ̀, a wọ gbogbo kọ̀rọ̀, a sì máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Stoyna ti rí bọ́ọ̀sì tó ń dán lókè bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, tó jẹ́ pé bí o bá fi ìka ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìka á wọlé ṣin.

"Bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe rí náà nìyẹn," ni ó máa ń wí.

Mladen ọkọ rẹ̀ ni ó ń bá wí. Láyé ìjọba àtijọ́, nígbà tí ènìyàn ní láti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró kí mọ́tò tó kàn án, Stoyna fi orúkọ sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò kékeré tí mẹ̀kúnnù ń rà. Mladen fi í ṣẹ̀sín, ó ní kí mọ́tò ọ̀hún tó dé, àwọn á ti di èrò ọ̀run. Mọ́tò dé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí inú ẹyin, imú rẹ̀ kúrú, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò pẹ́ tí Stoyna gbọ́ pé ọkọ òun ti ń fi í gbé obìnrin kan lọ gba atẹ́gùn létí odò. Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ alẹ́, ó na ọwọ́ sínú àpò Mladen, ó mú kọ́kọ́rọ́.

"Yan èyí tó wù ẹ́," ó ní. "Èmi àti mọ́tò, tàbí òun àti ẹsẹ̀ rẹ."

Mladen fẹsẹ̀ rìn lọ. Kò padà wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Stoyna ti fẹ́ mọ́tò. Kò bá wọn jiyàn, ó kàn pa orúkọ wọn rẹ́ lọ́kàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ọdún ti ń yí, tí ewé òkè bá ti ń pọ́n, Stoyna á fi jáàkì gbé mọ́tò náà sókè ní iwájú ilé alájà tí òun àti àwọn ìdílé mìíràn jọ ń gbé, á ti àwọn kùkùté igi bọ̀ ọ́ lábẹ́, á sì tẹ́ páálí, á sùn sórí rẹ̀. Omi gbígbóná ni ó kọ́kọ́ fi ń fọ abẹ́ náà. Bí ó bá gbẹ, á mú búrọ́ọ̀ṣì onírin, ibikíbi tí ó bá rí ìpẹtà, ì báà má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, á ha á títí irin yóò fi funfun bí eyín. Á kùn ún ní ọ̀dà pupa, á dúró kó gbẹ, á tún kùn ún. Lẹ́yìn náà ni á wá yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nínú ìkòkò àlòpatì kan, á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ ẹ sínú gbogbo ihò tí ojú kò tó. Àwọn ihò kéékèèké kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò tí omi òjò ń gbà jáde. Ó ń fi wáyà tú wọn, nítorí omi tó bá rí ọ̀nà lọ kì í bá irin jà. Tapólì tó fi ń bo mọ́tò kì í kanlẹ̀. Ó ń fi igi gbé e kúrò lára rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá, torí ọkọ̀ tí kò bá rí èémí, inú ló ti ń jẹrà. Bí òjò dídì àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, mọ́tò náà kì í jáde mọ́, àfi bí òjò ìgbà ìrúwé bá ti fọ gbogbo iyọ̀ kúrò lójú títì. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò àwọn ẹlòmíràn tó dé lásìkò kan náà ti di àkísà irin, tí tirẹ̀ ṣì ń dán.

Òórùn ìda àti ọ́ìlì yẹn ni ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Gancho, olórí ilé tí àwọn ará ilé yàn láàárín ara wọn, ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú Kina ìyá rẹ̀. Ọkùnrin sísanra ni, ó kéré sí Stoyna lọ́jọ́ orí, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé àwọn tó wá ṣeré lórí òjò dídì gòkè. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í jẹ olórí ilé ni kò ti rántí pé Stoyna jù ú lọ mọ́.

"Stoyna! Ṣé òkú lò ń sè níbẹ̀ ni?"

"Òkú kọ́. Ahọ́n olórí ilé ni. Ó yi, kò tètè jinná."

Títí dìgbà yẹn, ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù ọdún kan, Kina ń ti ilé búrẹ́dì bọ̀, ó yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, ó fi ọwọ́ kanlẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà wọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Gancho ra iyọ̀ lápòlápò. Ó tú àpò àkọ́kọ́, ó ń wọ́n ọn sílẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Fèrèsé Stoyna ṣí lókè.

"Gancho, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Iyọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni. Ọbẹ̀ lo fẹ́ fi ilẹ̀ sè ni? Da eérú sí i, da iyanrìn sí i! Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni mọ́tò mi wà, gbogbo omi iyọ̀ yẹn, abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣàn lọ."

"Ìyá mi ṣubú níbí. Ṣé ìyá mi àti agolo sadíìnì yẹn wá jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní eérú náà kì í jẹ́ kéèyàn yọ̀."

"Eérú ń dọ̀tí àtẹ̀gùn. Èmi lolórí ilé. Tó bá ń dùn ẹ́, gbé ọkọ ẹ wọlé, kẹ́ ẹ jọ sùn!"

Àwọn tó ti yọjú lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Stoyna ju iyọ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbá gbogbo iyọ̀ náà jọ, ó kó o lé orí ẹní ìnusẹ̀ Gancho bí òkìtì ọ̀gán. Nígbà tí Gancho dé láti ibi iṣẹ́, ó kó o padà, ó sì fi yí ẹsẹ̀ mọ́tò náà ká ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rọra ń ṣe é, ó ń wo fèrèsé òkè bí ó ti ń ṣe é lọ. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Bí ọ̀kan bá wọ́n, èkejì á gbá. Wọ́n á pàdé lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan á kọjú sógiri. Ní ìpàdé ilé, Gancho ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà jù sí ààtàn. Stoyna bi í bóyá ó ti wo abẹ́ mọ́tò tirẹ̀ rí, àbí ẹ̀rù ń bà á láti wo ibẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín ti dì mọ́lẹ̀ bí gíláàsì, Stoyna sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti garawa eérú. Ó gbá iyọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń da eérú tẹ̀ lé e. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ẹnu géètì, eérú tán. Ó gòkè lọ bu òmíràn nínú ààrò. Ọwọ́ rẹ̀ ti kú fún òtútù. Kọfí tó gbé kaná kó tó jáde ti ń hó. Ó bu ife kan, ó di í mú, ó jókòó, ó ní kí ọwọ́ òun kàn gbóná díẹ̀.

Igbe Kina ló gbé e dìde.

Ìyá àgbà náà wà nílẹ̀ ní ibi tí kò sí iyọ̀, tí kò sí eérú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́ sí ìta, bí ẹsẹ̀ ṣe kì í ṣẹ́. Ojú rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ojú náà là, Stoyna sì ni ó ń wò. Àwọn ará ilé ti pé lé e lórí. Wọ́n pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó ti lọ sí abúlé kan lẹ́yìn òkè, kò ní tètè dé. Gancho ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó ní mọ́tò ti gbé tiwọn jáde. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, òun ni ó sì wà lábẹ́ tapólì.

Wọ́n kàn yíjú wo Stoyna. Ó ju garawa sílẹ̀, ó lọ fa tapólì kúrò.

Àwọn ọkùnrin méjì gbé Kina sórí àga ẹ̀yìn, wọ́n fi ìrọ̀rí ká a mọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó gbà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu títì, Stoyna tẹ bíréèkì. Ojú títì dúdú, ó tutù, iyọ̀ ń dán lórí rẹ̀ bí awọ ejò. Láti ọjọ́ tí mọ́tò yẹn ti dáyé, kò fẹsẹ̀ kan títì ìgbà òtútù rí.

"Kí lo dúró ṣe?" Kina wí láti ẹ̀yìn, eyín rẹ̀ ń gbá pọ̀. "Àdúrà lò ń gbà fún táyà ni?"

Stoyna wọ títì.

"Ẹ rọra, Ìyá. Ẹ má mira."

"Má pè mí ní ìyá. Bó bá jẹ́ èmi ni mo bí irú ẹ, ǹ bá má fún ọ lọ́mú."

"Eérú ló tán. Mo lọ bu òmíràn ni."

"Kọfí lo lọ mu. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ẹ."

Stoyna tẹjú mọ́ títì. Omi iyọ̀ ń lu abẹ́ mọ́tò, ṣàà, ṣàà, ó ń gbọ́ ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń na ọmọ rẹ̀ ní yàrá kejì. Kina náà ń gbọ́ ọ.

"Iyọ̀ ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Iyọ̀ ni."

"Ó dáa. Tẹ iná mọ́ ọn."

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé egungun itan Kina ni ó dá. Wọn kò tíì gbé e kúrò ní yàrá àyẹ̀wò tí Gancho fi já wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, tó sì di Stoyna lọ́rùn ẹ̀wù mọ́ ògiri.

"Apànìyàn! Nítorí páànù! Nítorí páànù lásán-làsàn lo ṣe dá ìyá mi légungun!"

"Fi mí sílẹ̀, Gancho."

"Ẹ̀wọ̀n lo máa lọ! Mọ́tò yẹn á sì jẹrà sóde nígbà tí o bá wà lọ́hùn-ún!"

Ọlọ́pàá kan tó wà nítòsí là wọ́n níjà. Gancho ní kí ó mú obìnrin náà. Ọlọ́pàá wọlé tọ Kina lọ, ó bi í bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ ohùn ìyá àgbà náà láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó gbá iyọ̀ kúrò, òtítọ́ ni. Òun náà ló gbé mi débí, òtítọ́ ni. Gbọ́ méjèèjì. Má gbọ́ ọ̀kan kí o fi ọ̀kan sílẹ̀. Èmi ò bá a rojọ́. Ṣùgbọ́n lé e jáde fún mi, ojú rẹ̀ ń mú kí ẹsẹ̀ ro mí."

Stoyna wa mọ́tò rẹ̀ padà sílé. Ó gbé omi kaná, ó dùbúlẹ̀ sórí yìnyín pẹ̀lú páálí lábẹ́, ó ń fọ iyọ̀ kúrò. Omi gbígbóná náà ń di tútù kó tó kán sí i lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá nítorí mọ́tò ni tàbí nítorí egungun arúgbó. Ó bínú sí ẹkún náà, ó sì ń fọ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn, kò gbá iyọ̀ Gancho mọ́. Àwọn ará ilé kò bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá wọ ilé ìtajà, ọ̀rọ̀ á dúró. Gancho ń da iyọ̀ nílọ̀ọ́po méjì, ó ń dà á bí ẹni ń da epo síná, Stoyna á kàn dúró lójú fèrèsé, á máa wò ó.

Òtútù kò tíì lọ nígbà tí Kina dé láti ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ní kí ó máa lọ rì ẹsẹ̀ náà sínú omi gbígbóná tó ń ti inú ilẹ̀ jáde ní Devin, lẹ́yìn òkè, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Stoyna gbọ́ ọ̀pá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, gbó, gbó, gbó.

"Gbé mi lọ sí Devin."

"Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ń lọ. Mo bá bọ́ọ̀sì jà ni? Ìwọ lo dá ẹsẹ̀ mi, mọ́tò ẹ ni yóò gbé e."

Wọ́n lọ. Títì Devin ń tẹ̀ lé odò, ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n sì ń da iyọ̀ sí i bí ẹni tó fẹ́ fi pa ẹran mọ́. Kina jókòó níwájú, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún. Bí wọ́n bá kan adágún omi iyọ̀ lójú títì, á ní, "Gba ibẹ̀ yẹn kọjá." Bí wọ́n bá sì padà délé, Stoyna á gbé omi kaná, á wọ abẹ́ mọ́tò.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Kina kò wá mọ́. Bọ́ọ̀sì ni ó ń wọ̀ lọ sí Devin. Stoyna rò pé ìbínú ti rọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò dídì ti tún rọ̀, tí wọ́n da iyọ̀ àkọ́kọ́ sójú títì, ọ̀pá tún dún lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni ohun gbogbo yé Stoyna. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Iyọ̀ lẹ ń dúró dè."

"Kí ni ǹ bá tún máa dúró dè? Ìfẹ́ ẹ?" Kina fi ọ̀pá tọ́ka sí ìsàlẹ̀. "Ẹ̀wọ̀n ò wúlò fún mi. Mo fẹ́ kí iyọ̀ tó dá ẹsẹ̀ mi jẹ mọ́tò tìrẹ náà. Múra, omi Devin ń tutù."

Stoyna lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò sí òfin tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Gancho gbọ́ sí i, ó fárígá. Ó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, kí lẹ ń wá nínú mọ́tò ọ̀tá? Mo ní mọ́tò! Mo lè gba àyè níbi iṣẹ́, kí n máa gbé yín lọ!"

"Mọ́tò tìrẹ ò jẹ mí ní gbèsè ẹsẹ̀," Kina dá a lóhùn. "Kúrò lọ́nà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ ní ìgbà òtútù yẹn, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kò di ọ̀rẹ́. Bí Stoyna bá ṣí fèrèsé, Kina á ní òtútù fẹ́ pa òun. Bí ó bá tì í, á ní òórùn ọ́ìlì fẹ́ pa òun. Lọ́jọ́ kan Stoyna gbé ọ̀dùnkún tí ó fi wàràkàṣì dín fún un nínú abọ́. Kina jẹ ẹ́ tán lójú títì, ó nu ẹnu, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Gbogbo ìrúwé ni Stoyna ń ha, tó ń kùn, tó ń fẹ́ ìda sínú ihò. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ là, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún. Síbẹ̀ iyọ̀ kì í sùn.

Ní òpin ìgbà òtútù kẹta, bí wọ́n ti dé láti Devin, Kina sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà ibẹ̀ ti wú bí eéwo tó fẹ́ tú. Ó fi ẹnu ọ̀pá kàn án, ó rọra tì í. Ọ̀pá wọlé. Èérún pupa dà sórí òjò dídì.

Kina fa ọ̀pá rẹ̀ yọ. Stoyna ti wá síbẹ̀, ó ń wo ihò náà. Ó ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó tún rí bákan nígbà tó fojú rí i.

"Ó tó," ni Kina wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yípo, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lórí iyọ̀ ọmọ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wẹ́dà kan nísàlẹ̀ ìlú bá Stoyna gé ibi tó jẹrà náà kúrò, ó jó páànù tuntun mọ́ ọn. Stoyna kùn ún, ó fẹ́ ìda sí i. Nígbà tí òjò dídì tún dé, Ọjọ́bọ̀ pé, ó ti wọ bàtà, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ ọ̀pá. Ó dúró títí omi tíì rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká tapólì, ó wa mọ́tò jáde.

Ó rí Kina ní ibùdókọ̀, òjò dídì ń bọ́ sí i léjìká, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbára lé ọ̀pá. Stoyna dẹ ìrìn, ó yí gíláàsì wálẹ̀.

"Ìyá, bọ́ọ̀sì ti pẹ́ lónìí."

Kina wo mọ́tò náà láti táyà dé òrùlé. Ó wo ibi tí páànù tuntun wà. Lẹ́yìn náà ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó tẹjú mọ́ ibi tí títì ti yà, níbi tí bọ́ọ̀sì máa ń gbà yọ.

Òtútù ń gba ojú fèrèsé mọ́tò wọlé. Stoyna yí gíláàsì sókè. Ọjọ́bọ̀ kúkú ni, kò yí orí mọ́tò padà sílé. Ó wọ ojú títì Devin, omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń wa mọ́tò lọ, bẹ́ẹ̀ kò ní ẹnì kankan tó fẹ́ lọ kí lọ́hùn-ún.